Ṣé mọ́tò asáré lè jẹ́ mọ́tò ojoojúmọ́ nínú yìnyín Chicago?

Nọ́ọ̀sìAlẹ́, Chicago

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo gbé wá o, ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀.

Lóṣù kẹfà ni mo ra Toyota GR86, pupa fòò, jíà ọwọ́. Láti yunifásítì ni irú mọ́tò yìí ti ń wù mí, owó ara mi ni mo sì fi rà á, ẹnikẹ́ni ò dá sí i. Ní báyìí tí oṣù kẹwàá ti ń parí lọ, tí àárọ̀ ti ń tutù, gbogbo ẹni tó bá rí mi níbi tí a ń gbé mọ́tò sí níbi iṣẹ́ ló ń bi mí pé, "Ṣé eléyìí náà lẹ máa gbé wọnú wíńtà?" Ọkọ mi ní ká tà á, ká fi owó rẹ̀ ra jíìpù RAV4. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n da aṣọ bò ó títí di oṣù kẹrin, kí n wá ògbólógbòó Corolla tí màá fi la òtútù já.

Bí ọ̀rọ̀ mi ṣe rí nìyí. Rogers Park là ń gbé, a ò ní gáráàjì, ẹ̀gbẹ́ títì ni mo ń gbé e sí. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, agogo méje alẹ́ sí méje àárọ̀. Ilé ìwòsàn náà wà lápá gúúsù ìlú, Lake Shore Drive ni mo máa ń gbà lọ, òun náà ni mo máa ń gbà bọ̀. Táyà tó bá mọ́tò wá ni Michelin Pilot Sport 4, táyà sọ́mà gidi. Mọ́tò yìí ò ga nílẹ̀, bí íǹṣì márùn-ún ló wà láàárín ikùn rẹ̀ àti ọ̀dà, táyà ẹ̀yìn nìkan ló sì ń tì í.

Ṣé ó ṣeé ṣe, àbí mò ń tan ara mi? Ẹni tó ti ṣe é rí ni kó dá mi lóhùn jọ̀ọ́, kì í ṣe ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì.

ÀgbàAwakọ̀, Calgary

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ alẹ́. Ó ṣeé ṣe. Porsche 911 ni mò ń wà níbí, ó ti gbó díẹ̀, fóò-wíìlì kọ́ sì ni. Wíńtà o, sọ́mà o, òun náà ni mo ń gbé lọ ibi iṣẹ́.

Kó o tó gbọ́ ohunkóhun mìíràn: táyà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ yẹn, bọ́ ọ. Má dúró de yìnyín. Bí òtútù bá ti sún mọ́ dígírì méje ti Celsius, tó jẹ́ 45 ní tiyín ní Amẹ́ríkà, rọ́bà táyà sọ́mà á bẹ̀rẹ̀ sí í gan. Ọ̀dà lè gbẹ táútáú, kí yìnyín má sí nílẹ̀ rárá, wàá tẹ bíréèkì, mọ́tò á ṣì máa lọ. Bó bá wá tutù jùyẹn lọ, á le gbagidi bí ike. Àwọn tó ń ṣe irú táyà bẹ́ẹ̀ fúnra wọn ń kìlọ̀ pé rọ́bà rẹ̀ lè sán bí èèyàn bá wà á nínú òtútù líle. Ti táyà wíńtà yàtọ̀. Wọ́n po rọ́bà rẹ̀ kó lè máa rọ̀ nínú òtútù, wọ́n sì la ojú rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, àwọn ìlà tín-ín-rín wọ̀nyẹn ló máa ń di yìnyín mú. Tó o bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà á, wá àwòrán òkè olórí mẹ́ta tí wọ́n ya yìnyín kan sí láàárín lára táyà náà. Lẹ́tà M+S (ẹrẹ̀ àti yìnyín) nìkan ò tó, táyà gbogbo-ìgbà náà máa ń ní i.

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lo máa pààrọ̀. Ẹlòmíì á ní nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ló ń ti mọ́tò, ẹ̀yìn nìkan lòun á fi táyà wíńtà sí. Iwájú lo fi ń yà o, iwájú náà ló sì ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ bíréèkì. Mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ méjì méjì bẹ́ẹ̀ á gbéra dáadáa, á dé kọ́nà, á sì kọ̀ láti yà.

Lẹ́yìn ìyẹn, sọ̀ kalẹ̀ sí rímù íǹṣì 17. GR86 tó rọjú jù, 17 ni Toyota fi sí i, ìwọ̀n táyà rẹ̀ jẹ́ 215/45, nítorí náà á wọ mọ́tò rẹ láìsí wàhálà. Bí ara táyà bá ga díẹ̀ sí i, ihò tí yìnyín bò mọ́lẹ̀ ò ní tètè ba rímù jẹ́, owó táyà náà sì máa ń dín. Ra rímù tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí wọ́n má máa yọ rọ́bà lórí rímù kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

Àwọn tó ń sọ pé mọ́tò asáré ò mọ yìnyín, sọ fún wọn pé 911 ló gba ìdíje ráálì Monte Carlo ní 1968, 1969 àti 1970, ọdún mẹ́ta léra wọn, lórí àwọn òkè Alps nínú oṣù kìíní. Táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń ti ìyẹn náà. Àmọ́ kí n má purọ́ fún ọ, ẹ́ńjìnì 911 wà lẹ́yìn, ìwúwo rẹ̀ ló ń tẹ táyà ẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Tìrẹ wà níwájú, o ò ní í ní àǹfààní yẹn. Wàá ní sùúrù jù mí lọ nígbà tó o bá fẹ́ gbéra.

Ní tèmi o, òkúta ló ń yọ mí lẹ́nu níbí, kì í ṣe yìnyín. Òkúta wẹ́wẹ́ ni ìlú ń dà sójú ọ̀nà kí táyà má baà yọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù tó bá wà níwájú á sì máa ta á lu gíláàsì èèyàn. Mo ti ṣíwọ́ bíbínú sí i.

Corolla_ò_kú, Montreal

Ẹ̀gbọ́n Calgary, mo kí yín, ṣùgbọ́n mi ò bá yín dé ibẹ̀ yẹn. Ohun tó ṣeé ṣe lọ́tọ̀, ohun tó bọ́gbọ́n mu lọ́tọ̀. Èmi náà ní mọ́tò asáré, Mustang GT. Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹrin, gáráàjì ló máa ń wà, bátìrì rẹ̀ wà lórí ṣájà, èmi ń gun Corolla 2009 kiri ìgboro.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ táyà rárá. Níbí, òfin Quebec ti pàṣẹ pé kí mọ́tò wọ táyà wíńtà láti 1 oṣù Kejìlá dé 15 oṣù Kẹta, owó ìtanràn ẹni tí kò bá wọ̀ ọ́ sì ń bẹ̀rẹ̀ láti 200 dọ́là. Gbogbo wa la wọ̀ ọ́. Iyọ̀ lọ̀rọ̀ wà. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì ní Montreal kí yìnyín lè yọ́, bàtà aláwọ gan-an kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mọ́tò tẹ́ ẹ fi owó gidi rà, tó ṣì ń rùn bí tuntun, kẹ́ ẹ wá fi ikùn rẹ̀ wọ́ inú omi iyọ̀ fún oṣù márùn-ún? Àní ikùn tó jẹ́ íǹṣì márùn-ún sílẹ̀?

Corolla tèmi, bó bá fẹ́ dógùn-ún, kó dógùn-ún. Bí ẹnì kan bá fi bọ́mpà gbá a níbi páàkì, màá juwọ́ sí i, màá bá tèmi lọ.

Mẹ́káníìkì_Bódìjà, Ìbàdàn

Èmi tí mò ń ka èyí lábẹ́ fáànù, òógùn ń dà lójú mi 😂. Ẹ máa bá a lọ jàre. Mo ní ọ̀rọ̀ lórí iyọ̀ yẹn, oníbàárà ló dé.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́, Chicago

Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀gbọ́n Calgary, mo ti ń wá rímù 17.

Ẹ̀gbọ́n Montreal, mo gbọ́ yín, àmọ́ ẹ̀yin ní gáráàjì. Níbo ni kí n gbé mọ́tò méjì sí? Ẹ̀gbẹ́ títì kan náà ni. Ìnṣọ́ránsì méjì, sítíkà ìlú méjì, kí n sì máa gbẹ́ mọ́tò méjì jáde nínú yìnyín láàárọ̀ tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, tí ojú mi ti ń pa dé. Corolla tó rọjú tí kò ní dá mi dúró sójú ọ̀nà lálẹ́, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ó ti wọ́n lọ́jà.

Ìbéèrè mìíràn. Dókítà kan níbi iṣẹ́ wa sọ fún mi pé láìsí fóò-wíìlì, ẹ̀mí mi ni mò ń fi ṣeré. Ṣé òótọ́ ni?

Àdùkẹ́_BRZ, Minneapolis

Àǹtí mi, mo ti ń retí kí ẹnì kan dárúkọ fóò-wíìlì. BRZ ni mò ń wà, ìbejì tiyín ni, ilé iṣẹ́ Subaru kan náà ni méjèèjì ti ń jáde. Mo wà ní Minnesota níbi tí òtútù ti ń jẹ egungun, mo sì ń wà á lójoojúmọ́.

Fóò-wíìlì máa ń ranni lọ́wọ́ láti gbéra. Kò mọ nǹkan kan nípa dídúró. Gbogbo mọ́tò ló ní bíréèkì lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí táyà bá ti ń yọ̀, ó ń yọ̀ náà nìyẹn. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ I-94 lọ́jọ́ tí yìnyín àkọ́kọ́ bá bọ́, jíìpù ńláńlá lẹ máa rí nínú kòtò. Wọ́n gbéra wọ́ọ́rọ́wọ́, ọ̀nà ò jọ ibi tó ń yọ̀ lójú wọn, wọ́n sáré dé iwájú iná pupa kí wọ́n tó mọ̀. Mọ́tò tó ń ti ẹ̀yìn rìn máa ń kìlọ̀ fún yín láti ẹnu ọ̀nà ilé, nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ jáde gan-an, pé ilẹ̀ ń yọ̀ lónìí.

Bí mo ṣe ń wà á: jíà kejì ni mo fi ń gbéra. Jíà kìíní lágbára jù, táyà á kàn yí lójú kan ni. Mo ń tú kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ mi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tọ́tù. Nínú yìnyín, ẹ má ṣe bẹ táyà ní iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ tẹ bíréèkì nígbà tí mọ́tò wà ní tààrà, ẹ fi sílẹ̀, kẹ́ ẹ tó yà. Bí ẹ̀yìn bá ń yọ̀ jáde, ẹ yọ ẹsẹ̀ lórí tọ́tù pẹ̀lẹ́, ẹ kọjú sí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ lọ, ẹ má wo igi tẹ́ ẹ ń bẹ̀rù, torí ojú ni ọwọ́ máa ń tẹ̀ lé. Ẹ má já jíà wálẹ̀ lójijì. Kílọ́ọ̀ṣì tó bá gbá mú gìrì lórí omi dídì á di táyà ẹ̀yìn mú, mọ́tò á pòyì. Bí ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí bíréèkì di táyà pa, bá ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, iṣẹ́ ló ń ṣe, ẹ má yọ ẹsẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ń dènà kí mọ́tò fì sọ́tùn-ún sósì, tó ti di dandan lára mọ́tò Amẹ́ríkà láti 2012, ẹ fi sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́. Ìgbà tí mọ́tò bá rì sínú yìnyín nìkan ni mo máa ń pa á, torí ńṣe láá máa gba agbára lọ́wọ́ táyà tẹ́ ẹ bá fẹ́ jáde. Ẹ pa á, ẹ ti mọ́tò síwájú díẹ̀, ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀, títí á fi jáde, kẹ́ ẹ sì tàn án padà.

Ẹ wá páàkì ńlá tó ṣófo ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi tí yìnyín bá kọ́kọ́ bọ́, kẹ́ ẹ lọ fi mọ́tò yọ̀ níbẹ̀, ní jẹ́jẹ́. Ẹ tẹ bíréèkì wò, ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn jáde wò. Ó sàn kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n níbẹ̀ ju kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n lórí Lake Shore Drive lọ.

Ohun kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kì í sọ. Gíláàsì ilẹ̀kùn yín ò ní férémù lókè. Tẹ́ ẹ bá fa ọwọ́ ilẹ̀kùn, gíláàsì máa ń kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, kó tó lè bọ́ lára rọ́bà òkè. Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ lálẹ́ tó sì dì mọ́jú, ẹ máa gbọ́ tí ẹ̀rọ inú ilẹ̀kùn á kùn "wùn-ùn," gíláàsì ò ní mì, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀kùn á fẹ́ ṣí. Tẹ́ ẹ bá fà á ní tipátipá, rọ́bà á ya tàbí kí ẹ̀rọ náà bàjẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ ni kẹ́ ẹ fi máa gbá etí gíláàsì yíká, jẹ́jẹ́, títí omi dídì náà á fi sán kúrò. Kí oṣù kọkànlá tó wọlé, ẹ ra gírísì sílíkónì, ẹ fi aṣọ rírọ̀ pa á sára gbogbo rọ́bà ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ sì máa tún un pa lóòrèkóòrè. Kò wọ́n.

Ọmọ_Uptown, Chicago

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, aládùúgbò ni wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìlú yìí gan-an, torí ó níwà tirẹ̀.

Láti 1 oṣù Kejìlá dé 1 oṣù Kẹrin, àwọn títì ńlá kan wà, gbogbo rẹ̀ tó máìlì 107, tí mọ́tò ò gbọ́dọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn láti agogo mẹ́ta òru sí méje àárọ̀. Yìnyín bọ́ o, kò bọ́ o, wọ́n á wọ́ ọ lọ. Iṣẹ́ alẹ́ yín ló yọ yín nínú ìyẹn, àmọ́ ní òru tẹ́ ẹ bá wà nílé, ẹ ka àkọlé dáadáa. Àwọn títì mìíràn tún wà, bí 500 máìlì, tí wọ́n lè kó mọ́tò kúrò níbẹ̀ bí yìnyín bá ti tó íǹṣì méjì.

Ọ̀rọ̀ àga wá. Ẹni tó bá fi ṣọ́bìrì gbẹ́ àyè páàkì rẹ̀ jáde lẹ́yìn yìnyín ńlá máa ń fi àga, pákó ìlọṣọ, tàbí ohunkóhun tó bá rí lábẹ́ àtẹ̀gùn sí i kó tó jáde, láti fi sọ pé ibẹ̀ ní onílé. Òfin ìlú ò gbè é lẹ́yìn. Ẹ má ṣe gbé àga náà kúrò. Mi ò tún ní sọ jùyẹn lọ.

Èyí tó kan mọ́tò tí kò ga nílẹ̀ jù lọ ni ògiri yìnyín. Ọkọ̀ tó ń gbá yìnyín á ti èyí tó wà láàárín títì sí ẹ̀gbẹ́, á mọ ògiri sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò yín, iyọ̀ àti omi á pò ó pọ̀, tó bá di ọ̀sán ó ti le bíi ti ilé. RAV4 lè fi agbára gun un kọjá. Tiyín, bọ́mpà á kàn án, bó bá sì ráyè wọlé, ikùn á gun orí rẹ̀, táyà á máa yí lófo. Ṣọ́bìrì ò gbọ́dọ̀ kúrò nínú bọ́ọ̀tù, pẹ̀lú àpò erùpẹ̀ tí wọ́n ń tà fún ológbò, kẹ́ ẹ dà á síwájú táyà ẹ̀yìn. Ẹ ká àga ẹ̀yìn sílẹ̀, ṣọ́bìrì gígùn á wọlé.

Lake Shore Drive ńkọ́? Ní alẹ́ 1 oṣù Kejì 2011, yìnyín tó lé ní 20 íǹṣì bọ́ sórí ìlú yìí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún mọ́tò ló há sójú ọ̀nà yẹn mọ́jú, bọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, jíìpù wà níbẹ̀, gbogbo wọn ni yìnyín bò dé gíláàsì. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti kéde irú ìjì yẹn, ọ̀rọ̀ kúrò ní ti mọ́tò wo lèèyàn ní. Red Line, ọkọ̀ ojú irin ìlú, wà ládùúgbò yín, ó ń lọ tààrà sí gúúsù dé 95th, kì í sùn lóru. Ẹ wọ̀ ọ́.

Corolla_ò_kú, Montreal

Red Line! Ọ̀rọ̀ parí. Ẹ ta mọ́tò, ẹ ra káàdì rélùwéè.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́, Chicago

Ẹ̀gbọ́n 😂😂 ẹ ò fẹ́ràn mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ọmọ Uptown wọ̀ mí lára, ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ò pọ̀ lọ́dún, mi ò sì ní fi mọ́tò wá orúkọ.

Mẹ́káníìkì_Bódìjà, Ìbàdàn

Oníbàárà ti lọ. Ẹ jẹ́ ká wá sọ ọ̀rọ̀ iyọ̀, torí ẹ̀yin lẹ ń wa mọ́tò nínú rẹ̀, àwa lẹ sì ń kó o ránṣẹ́ sí.

Tòkúnbọ̀ tó bá ti Canada tàbí àríwá Amẹ́ríkà wá, kí n tó ka ìwé rẹ̀ ni mo ti máa ń mọ̀. Òkè á máa dán, èèyàn á lè fi ṣe dígí. Tá a bá gbé e sókè báyìí, abẹ́ ti pọ́n wẹ̀, irin ń ṣí ní ìpele ìpele. Bọ́dì kọ́ ni iyọ̀ máa ń kọ́kọ́ jẹ o. Páìpù bíréèkì tó gba abẹ́ lọ sẹ́yìn, páìpù èéfín, irin tó gbé ẹsẹ̀ mọ́tò, àti nọ́ọ̀tì. Nọ́ọ̀tì ni baba wọn! Lára mọ́tò tó ti Houston, níbi ooru, wá, ẹ fi sípánà kan án, ó yí. Lára ti Toronto, ó ti di irin kan náà pẹ̀lú ihò rẹ̀, wẹ́dà ló máa fi iná yọ ọ́, orí rẹ̀ á sì gé mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń fín ọ̀dà dúdú sí gbogbo abẹ́ kí wọ́n tó gbé e wá sọ́jà. Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkúnbọ̀, kó mú súkúdíréfà dání, kó fi orí rẹ̀ kan irin abẹ́ níbi púpọ̀. Tó bá dún ko, ó dáa. Tó bá wọlé, kó máa lọ sílé.

Nítorí náà Àǹtí, ẹ̀gbọ́n Montreal ò purọ́. Àmọ́ ohun kan wà tí kò sọ. Iyọ̀ nìkan kì í jẹ irin, omi ló ń bá a ṣiṣẹ́, ooru ló sì ń mú kó yára. Mọ́tò tó dúró sí ìta nínú òtútù gan-an, omi ara rẹ̀ ti dì, iṣẹ́ ti dín lọ́wọ́ iyọ̀. Èyí tí wọ́n gbé tòun ti ẹrẹ̀ iyọ̀ wọnú gáráàjì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ibẹ̀ ni jíjẹ ti ń ṣẹlẹ̀ láti alẹ́ mọ́jú. Ẹ̀gbẹ́ títì yín yẹn kì í ṣe ìyà bẹ́ẹ̀ náà.

Kẹ́ ẹ tó wọ wíńtà, nígbà tí abẹ́ ṣì mọ́ tó sì gbẹ, ẹ jẹ́ kí wọ́n fín òróró sí i, irú èyí tí wọ́n ń fi ọ̀rá irun àgùntàn ṣe dára. Kó má kan bíréèkì o. Ẹ má gba ọ̀dà líle tó dà bíi rọ́bà. Tó bá ti sán níbì kan, omi á wọ abẹ́ rẹ̀, á jókòó síbẹ̀, ẹ ò ní rí i títí irin á fi tán. Lọ́jọ́ tí òtútù bá ti jọ̀wọ́ díẹ̀, tí omi kò dì, ẹ lọ ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò, kí wọ́n fi omi tó ń jáde nílẹ̀ fọ abẹ́ rẹ̀.

Corolla_ò_kú, Montreal

Ọ̀gá Bódìjà, gáráàjì tèmi ò ní ooru, Mustang náà kì í sì í fẹsẹ̀ kan iyọ̀. Àmọ́ mo gba ti irun àgùntàn yẹn, Corolla máa jẹ níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

ÀgbàAwakọ̀, Calgary

Ẹ jẹ́ kí n fi kún ti iyọ̀, torí agogo tí àbúrò wa fi ń wa mọ́tò ló mú mi lọ́kàn. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà, bí òtútù bá ti kọjá nǹkan bíi −9 ti Celsius, agbára rẹ̀ ti lọ púpọ̀. Tó o bá ń lọ síṣẹ́ ní agogo mẹ́fà àbọ̀ alẹ́, ọ̀nà lè jẹ́ omi lásán. Agogo méje àárọ̀ tó o ń bọ̀ ni òtútù ti mú jù, omi àná ti dì lórí ọ̀dà, kò funfun, ọ̀dà dúdú lo máa rí. Orí bíríìjì ló máa ń kọ́kọ́ dì, torí atẹ́gùn ń fẹ́ lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ìwọ náà sì ti rẹ̀ nígbà yẹn. Rọra. Bí táyà bá ti dákẹ́ lójijì tí o ò gbọ́ ariwo omi mọ́, ó ti dì nìyẹn.

Bátìrì náà. Wákàtí méjìlá ni mọ́tò rẹ máa dúró sí ìta níbi iṣẹ́. Ní dígírì òdo ti Fahrenheit, tó jẹ́ −18 ní tiwa, bátìrì á ti pàdánù ju ìdajì agbára rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn gan-an ni ọ́ìlì ki, tí ẹ́ńjìnì ń béèrè agbára púpọ̀. Jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò báyìí, kó tó kú mọ́ ọ lọ́wọ́. Tí ẹ́ńjìnì bá ti dáhùn, má jókòó máa gbóná rẹ̀ títí, gbéra ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, wà á jẹ́jẹ́, má sì fún un níná títí á fi gbóná dáadáa.

Iná táyà tó máa ń tàn lójú dáṣíbọọ̀dù láàárọ̀ òtútù àkọ́kọ́, má jẹ́ kó bà ọ́ lẹ́rù. Bí òtútù bá fi dígírì mẹ́wàá Fahrenheit wálẹ̀, afẹ́fẹ́ táyà máa ń fi bíi psi kan (òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́ táyà) wálẹ̀. Fẹ́ ẹ dé iye tó wà lára ilẹ̀kùn, nígbà tí táyà ṣì tutù.

Awakọ̀Peckham, London

Àwa tí íǹṣì kan péré máa ń ti gbogbo ìlú pa, a kàn ń kà á ni o. Ẹ kú ìfaradà.

Nọ́ọ̀sìAlẹ́, Chicago

Mo ti pinnu. Mi ò tà á, mi ò sì pa á mọ́. Mo ti gba àyè lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta táyà fún ọjọ́ Tuesday, táyà wíńtà Blizzak mẹ́rin lórí rímù 17 dúdú. Owó náà dùn mí, ó lé ní ẹgbẹ̀rún dọ́là, àmọ́ bí èyí bá ń jẹ, ti sọ́mà ò ní máa jẹ, mo sì rò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìnṣọ́ránsì Corolla, ó ṣì rọjú. Wọ́n á fín abẹ́ náà lọ́jọ́ kejì. Ọkọ mi ní òun ò sọ̀rọ̀ mọ́, àmọ́ mo rí i tó ra ṣọ́bìrì.

Ibi tí mo ti há báyìí ni táyà sọ́mà tí wọ́n bá yọ. Ilé wa kéré. Ṣé mo lè gbé e sí báńkóní?

Àdùkẹ́_BRZ, Minneapolis

Báńkóní kọ́, Àǹtí. Òtútù yẹn náà ló ń bà á jẹ́. Tí ilé yín bá ní yàrá abẹ́ ilẹ̀, ẹ kó o síbẹ̀, nínú láílọ́ọ̀nù dúdú, kó jìnnà sí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Tí kò bá sí, ẹ bi àwọn tó ń ta táyà náà, ọ̀pọ̀ wọn máa ń bá èèyàn tọ́jú rẹ̀ fún owó díẹ̀. Kẹ́ ẹ kọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà sí i lára kí wọ́n tó kó o lọ, iwájú ọ̀tún, ẹ̀yìn òsì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Corolla_ò_kú, Montreal

Rímù dúdú lórí mọ́tò pupa. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ síbí kí iyọ̀ tó dé ibẹ̀, jọ̀ọ́.

Mẹ́káníìkì_Bódìjà, Ìbàdàn

Tí wọ́n bá ti de rímù tuntun yẹn tán, ẹ wà á bíi máìlì 50 sí 100, kẹ́ ẹ padà lọ kí wọ́n tún nọ́ọ̀tì fún. Ó máa ń tú díẹ̀.